Kí Ló Ń Lé Láńre?

Bí èèyàn bá kí èmi Kúnbi pé "ẹ káàárọ̀", mo máa kọ́kọ́ yọjú wo oòrùn kí n tó dáhùn. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn. Ọkọ mi tó ti di olóògbé máa ń sọ pé ohun tí òun fi fẹ́ mi gan-an nìyẹn, pé obìnrin tó fura sí òun tó bẹ́ẹ̀ kò ní í jẹ́ kí ẹlòmíì rẹ́ òun jẹ. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí mo ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ Láńre àti Tiwátọ́pẹ́ fún yín, torí èmi ni alárenà wọn. Alárenà tó ń gbé ọ̀rọ̀ ọkùnrin kiri tí kò sì gba ọkùnrin náà gbọ́, àfi èmi.

Ọ́fíìsì kékeré kan ní Jahi, ní ìlú Abuja, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A máa ń tú òyìnbó sí Yorùbá fún àwọn tó ń ṣe ẹ̀kọ́ èdè sórí fóònù. Ẹni méjì ló ń ṣiṣẹ́ lórí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ẹni àkọ́kọ́ á tú u láti òyìnbó sí Yorùbá. Èmi á gba Yorùbá yẹn, màá fi ránṣẹ́ sí ẹnì kejì tí kò fojú kan òyìnbó náà rí, òun á sì tú u padà sí òyìnbó. Èmi á wá gbé òyìnbó méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí wọ́n bá bára mu, iṣẹ́ yè. Bí wọn ò bá bára mu, a dá a padà fún àtúnṣe. Òfin kan wà níbẹ̀ tí Ọ̀gá Hezekiah, olórí wa, kì í fi ṣeré: ẹni tó ń tú u lọ àti ẹni tó ń tú u bọ̀ kò gbọdọ̀ jọ sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Bí wọ́n bá jọ sọ ọ́, wọ́n á máa gbè síra wọn lẹ́yìn, àṣìṣe á sì gba abẹ́ ẹnu wọn kọjá.

Tiwátọ́pẹ́ ló ń tú u lọ, láti ilé ìyá rẹ̀ ní Gwarinpa. Láńre ló ń tú u bọ̀, láti Gwagwalada tó ti ń ṣe tíṣà. Èmi wà láàárín.

Ní ọdún 2014, wọ́n kó iṣẹ́ kan wá fún wa, gbogbo rẹ̀ dá lórí ìyára àti ìfalẹ̀. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òyìnbó ní àkànlò ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó báyìí lórí eré sísá. Bí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun láìfi àkókò ṣòfò, wọ́n á ní ó "hit the ground running". Ẹni tó kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ ṣáájú Tiwátọ́pẹ́ kọ ọ́ pé ó fi eré balẹ̀, bí ẹni tó já láti orí igi tí ajá tún ń lé e. Tiwátọ́pẹ́ kọ tirẹ̀ báyìí: "Kò dúró wo férémù ilẹ̀kùn, iṣẹ́ ló wọ̀ tààrà." Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Láńre tú u padà gẹ́lẹ́ bó ṣe wà, ti férémù ti ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe é. Kì í fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ wá wò ó, iṣẹ́ tó dá lórí ìyára yìí ló pẹ́ jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ tí a ṣe. Bí a bá parí apá kan, wọ́n á tún kó òmíràn dé. Kò tíì pé oṣù kan tí a bẹ̀rẹ̀ tí Láńre fúnra rẹ̀ wọlé sí mi ní Jahi, ó ga, ó gbẹ, báàgì tíṣà wà ní èjìká rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń kọ Yorùbá yìí?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Kò sí o, mà. Ẹni náà máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú bọ́ọ̀sì ni. Àwọn èrò ti ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

"Òfin ò gbà á. Ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, kò kàn ọ́."

"Obìnrin ni, mà. Ọkùnrin wo ló máa ń rí férémù ilẹ̀kùn?"

Mo lé e jáde. Mo sọ lọ́kàn mi pé, àhá, ó fẹ́ mọ ọmọbìnrin náà kó lè máa rí òyìnbó ibẹ̀ yọ́ wò ni. Ṣùgbọ́n ó ń wá. Bí ó bá ti ní nǹkan ṣe ní ìgboro Abuja, á yà, á béèrè ìbéèrè kan náà, màá fún un ní ìdáhùn kan náà, á sì kí mi pé ó dàbọ̀. Ọdún yípo lórí rẹ̀, ó tún fẹ́ẹ̀ yípo lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan ní 2016, mo jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Gwarinpa. Pásítọ̀ Paul, ọmọ Ìdómà, ń wàásù ní òyìnbó, Tiwátọ́pẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń ṣe ògbufọ̀ fún àwọn ìyá àgbà. Ìwàásù ti wọ Pásítọ̀ lára, wọ́n kígbe pé bí Ọlọ́run bá ṣí ilẹ̀kùn, kí ìjọ "hit the ground running". Tiwátọ́pẹ́ náà kígbe tẹ̀ lé e:

"Bí Ọlọ́run bá ṣí i, ẹ má dúró wo férémù ilẹ̀kùn o, ẹ wọlé!"

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Mo yíjú. Láńre ni! Ó ní òun bá tíṣà ẹlẹgbẹ́ òun wá ṣe ìdúpẹ́ ọmọ ni. Ṣé òótọ́ ni, àbí ó ti ń tọ ipasẹ̀ mi? Bí a ṣe ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, kí n tó wí, kí n tó fọ̀, ó ti wà níwájú ọmọbìnrin náà.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Èmi ni mo máa ń tú yín padà."

Tiwátọ́pẹ́ wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ máa ń jẹ́ kí gbólóhùn mi gbẹ bíi panla?"

"Bí ó bá gbẹ, kì í ṣe èmi ni mo sá a sóòrùn."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, mi ò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo sọ fún Ọ̀gá Hezekiah. Wọ́n fi ọwọ́ lẹ́rán, wọ́n ní apá ìkẹyìn iṣẹ́ náà ló kù, kò sí ẹlòmíì tó lè tètè ṣe é. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà fẹ́ra wọn bó ṣe wù wọ́n, kí wọ́n ṣáà má sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Àwọn méjèèjì gbà. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí Tiwátọ́pẹ́ wá bá mi nílé, tó ń fi ìka ká etí ìborùn rẹ̀.

"Àǹtí Kúnbi, Láńre ní òun fẹ́ wá rí Màmá. Ó ní òun fẹ́ kí a ṣègbéyàwó kí ọdún tó parí."

"Kí lo sọ fún un?"

"Inú mi dùn, mà. Ẹ̀rù sì ń bà mí. Bí mo bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀, mo máa ń rò pé ó ti mọ̀ mí tipẹ́. Bí mo bá délé, màá ní, kí ló dé tó ń kánjú? Bí ọ̀rọ̀ Rachael ṣe bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn."

Rachael ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkùnrin kan ló wá fẹ́ ẹ wàrà-wàrà bẹ́ẹ̀, tó ní ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kì í fẹ́ ìdádúró. Wọ́n ṣègbéyàwó. Kí ọmọ wọn tó rákò, ìyàwó tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀ ti dé láti Makurdi pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀. Rachael ń dá gbé ní Kaduna báyìí pẹ̀lú ọmọ náà, kì í sì í pe ilé bọ̀rọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí mo jíṣẹ́ Láńre fún Màmá Rachael, ìyá àwọn ọmọ náà, wọn ò bínú. Ó ì bá sàn kí wọ́n bínú. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ojú jẹ́jẹ́ bi èèyàn ní ìbéèrè.

"Kúnbi, a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Kí ló ń lé Láńre?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Lọ wádìí rẹ̀. Kó máa bọ̀ wá kí wa, ṣùgbọ́n èmi ò ní í bá a sọ̀rọ̀ títí n ó fi mọ̀ ọ́n. Ìwọ ni alárenà. Ohun tí mo bá fẹ́ sọ, ìwọ ni màá sọ ọ́ fún."

Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ṣe é! Láńre á wá ní Sátidé, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn, Màmá á kọjú sí mi: "Kúnbi, sọ fún un pé kó dìde." Màá ní, "Wọ́n ní kí o dìde." Láńre á ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mà." Ìjókòó wọn kò ju apá méjì síra.

Mo lọ sí Gwagwalada. Mo bá Màmúdù, onílé Láńre, lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé rẹ̀. Baba Haúsá tó ti gbé Ìlọrin rí ni, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa.

"Yauwa, màdáámù, sànnu. Láńre? Kò sí obìnrin kankan tó ń wá síbẹ̀. Kò sí ọmọ. Kai, ọkùnrin yẹn, ó lọ́ra jù! Àga kan ló fẹ́ rà lọ́wọ́ káfíńtà. Ó lọ wò ó lónìí, ó lọ wò ó lọ́la, oṣù mẹ́rin! Káfíńtà ta àga fún ẹlòmíì. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wo òmíràn."

Ẹlòmíì ì bá gbọ́ èyí kó yọ̀. Ní tèmi, ara mi kò balẹ̀ rárá. Ẹni tó fi oṣù mẹ́rin wo àga, báwo ló ṣe fẹ́ fi oṣù mẹ́ta mú ìyàwó? Mo ròyìn fún Màmá Rachael, wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Ṣé o rí i? Èèyàn tí kì í yára, tó wá ń yára lórí ọmọ mi! Nǹkan kan wà níbẹ̀."

Ohun tí wọ́n ṣe tẹ̀ lé e, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Tiwátọ́pẹ́ ń wẹ̀ nígbà tí Láńre dé. Màmá mú ojú ìwé òyìnbó tí ọmọ wọn ń tú lọ́wọ́, wọ́n gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife sóbò tí wọ́n gbé fún àlejò, wọ́n sì wọ kíṣíìnì. Wọ́n dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n pè mí.

"Ó kà á, Kúnbi. Ó kà á tán, ó rẹ́rìn-ín! Ó wá dojú rẹ̀ dé, ó gbé ife lé e lórí. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, wò ó dáadáa. Bí ó bá ti bá òyìnbó yẹn mu rẹ́gí, olè ni, ọmọ mi á sì gbọ́ ọ sétí ara rẹ̀."

Mi ò fẹ́ràn ìdẹkùn yẹn. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, mo ń retí ohun tó máa mú.

Òwe òyìnbó kan wà lójú ìwé náà tó ní "slow and steady wins the race": ẹni tó bá ń rọra lọ láìdúró ni yóò borí nínú eré ìje. Tiwátọ́pẹ́ ti kọ ọ́ pé, "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú, kì í bàjẹ́." Ọjọ́ Ajé, iṣẹ́ Láńre dé. Mo gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ohun tí Láńre kọ ní òyìnbó ni pé, nǹkan tí a bá rọra dì mú kì í bàjẹ́. Kò sí eré ìje níbẹ̀. Kò sí ẹni tó borí. Iṣẹ́ ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́ ló jẹ́ kó kùnà yẹn o, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ méjì péré ló lè fi gbè é. Mi ò tíì gbójú sókè tí fóònù mi dún.

"Àǹtí Kúnbi, ẹ káàsán, mà. Ojú ìwé tó kẹ́yìn yẹn, mo rí òyìnbó rẹ̀ lórí tábìlì ní Gwarinpa. Bí Yorùbá ibẹ̀ ṣe wí ni mo ṣe tú u, ṣùgbọ́n ẹ má gba tèmi. Ẹ wá ẹlòmíì tí kò rí i, kó tún un ṣe."

"Láńre, ṣé o mọ ohun tí ìyẹn máa dá sílẹ̀? Wọ́n á ní Tiwátọ́pẹ́ ló fi hàn ọ́."

"Mo mọ̀, mà. Ṣùgbọ́n mo rí i."

Mo sọ fún Ọ̀gá Hezekiah, wọ́n sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo lọ bá Tiwátọ́pẹ́ nílé ìyá rẹ̀, ó sunkún, ó wá bínú. Ó pe Láńre níwájú mi, ó ní, "O ò lè dákẹ́ ni? Ta ló bi ọ́? Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe bọ̀ láti ọjọ́ yìí wá! Má wá sílé wa mọ́." Ó ju fóònù sórí àga, ó sì wò mí. "Àǹtí, èmi ò gbé ìwé kankan sórí tábìlì. Ta ló gbé e síbẹ̀? Àbí ńṣe ló wá a jáde?"

Ìfura ti wọ òun náà lójú. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo dìde, mo lọ bá Màmá Rachael ní yàrá wọn, mo ti ilẹ̀kùn.

"Mà, ìdẹkùn yín ti mú ẹran, ọmọ yín ló mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a sọ òtítọ́."

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n pe Láńre wá.

Ó dé ní ọjọ́ kejì, kò jókòó. Tiwátọ́pẹ́ kò wò ó. Màmá kọjú sí ọmọ wọn, wọ́n ní, "Èmi ni mo gbé ìwé yẹn síbẹ̀. Mo fẹ́ rí ohun tó máa ṣe. Lọ́la, n ó lọ sọ ọ́ fún ọ̀gá yín." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Kúnbi, bi í pé kí ló pa á lẹ́rìn-ín nígbà tó kà á. Kó sì sọ ohun tó ń lé e."

Mo bi í.

"Ẹ sọ fún Màmá pé eré ìje ló pa mí lẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ọmọ wọn kò ní í gbà láti kọ ọ́. Kò fẹ́ràn kí ẹnìkan borí ẹnìkan. Ẹ sọ fún wọn pé kò sí ohun tó ń lé mi. Ó tó ọdún méjì tí mo fi ka ọmọ wọn kí n tó rí i. Bí inú rẹ̀ kò bá dùn, gbólóhùn rẹ̀ máa ń kúrú. Ìgbà kan wà tí gbogbo òwe tó ń lò jẹ́ òwe ìṣọ́ra. Mo mọ̀ nígbà náà pé ẹnìkan ti já ẹnìkan kulẹ̀ nínú ilé yìí, mo sì ń gbàdúrà fún wọn láìmọ orúkọ. Ojú rẹ̀ nìkan ni mo fi oṣù mẹ́ta mọ̀, mà."

Tiwátọ́pẹ́ bo ẹnu rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò wo ibòmíì, èmi ni wọ́n ń wò.

"Kúnbi, ṣé òótọ́ ni?"

Èmi tí mi ò jẹ́rìí ọkùnrin rí! Mo rántí báàgì tíṣà yẹn ní èjìká rẹ̀, àti bó ṣe ń wá béèrè, tí mo ń lé e, tó ń kí mi pé ó dàbọ̀.

"Òótọ́ ni, mà. Èmi ni mò ń kó ọ̀rọ̀ ọmọ yín fún un. Kì í sáré."

Màmá mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Sọ fún un pé bí òun bá fi ọdún méjì ka ọmọ mi, èmi náà máa fi ọdún méjì ka òun."

"Màmá!" ni Tiwátọ́pẹ́ kígbe.

"Ẹ sọ fún Màmá pé mo gbọ́," ni Láńre wí, ó sì dọ̀bálẹ̀.

Ó dúró o. Màmá lọ sọ tẹnu wọn ní Jahi, Tiwátọ́pẹ́ gba iṣẹ́ rẹ̀ padà, Láńre kò padà sí tirẹ̀. Gbogbo Sátidé ló ń ti Gwagwalada wá. Nígbà tí Rachael mú ọmọ rẹ̀ wá kí ilé lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, Láńre ló kọ́ ọmọ náà ní ìwé kíkà. Kò sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó mọ́. Oyé ọdún 2018 ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí Màmá Rachael ránṣẹ́ pè mí ní ìrọ̀lẹ́ kan.

"Kúnbi, ọkàn mi ò balẹ̀. Ọmọkùnrin yìí ti dákẹ́ jù. Ọkùnrin tó bá ń fi nǹkan falẹ̀ báyìí, nǹkan ló ń fà á sẹ́yìn. Àbí ó ti rí ẹlòmíì?"

"Mà, ẹ̀yin lẹ sọ pé ọdún méjì! Mo ti bi í. Ó ní bí ẹ ṣe sọ ọ́ ni òun ṣe gbà á, kò sì tíì pé."

"Ta ló ní kó máa gba gbogbo ọ̀rọ̀ mi gẹ́lẹ́ bó ṣe wà báyẹn?"

Tiwátọ́pẹ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì ti ń rẹ́rìn-ín. "Bó ṣe máa ń tú u nìyẹn, Màmá."

"Gbé fóònù mi wá," ni Màmá wí. Mo na ọwọ́ láti gbà á kí n lè bá wọn pè é. Wọ́n gbá ọwọ́ mi kúrò. Wọ́n gbé e sétí fúnra wọn.

"Láńre."

A gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìhà kejì, bí ẹni tó fò dìde. "Mà? Màmá?"

"Kí ló ń dá ọ dúró?"

Ó wá ní, "Ẹ̀yin ni, mà."

Màmá bú sẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú wọn. Wọ́n fi etí ìró wọn nù ún. "Ó ti tó, ọmọ mi. Mo ti kà ọ́ tán. Kó àwọn èèyàn rẹ wá."

"Nígbà wo, mà?"

"Má dúró wo férémù ilẹ̀kùn."

Mo mú báàgì mi, mo rọra dìde. Màmá fi ọwọ́ bo fóònù. "Níbo lò ń lọ? A ò tíì sọ̀rọ̀ tán."

"Ẹ máa bá a sọ ọ́ lọ, mà. Bí ìyàwó bá ti mojú ọkọ, alárenà a yẹ̀ba."

Tiwátọ́pẹ́ sìn mí dé géètì, ó dì mọ́ mi, ó sì ní, "Ó dàárọ̀, Àǹtí." Mo dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mi ò wo oòrùn.